Ìlà Kan Náà Lórí Máàpù

Ọ̀gbẹ́ni Tessaro tẹ́ máàpù sórí tábìlì ilé-ìwé wa ní Malema,
ó fi òkúta mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́.
Ó fi ìka fa ìlà láti Bùràsílì,
ó gba orí òkun kọjá, omi kò kàn án,
ó gúnlẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi.
"Ẹ wò ó, ìlà kan náà ni.
Oòrùn kan náà, ilẹ̀ pupa kan náà,
èdè kan náà ni ọ̀gá àtijọ́ fi bú wa.
A kì í ṣe òyìnbó amúnisìn.
Ẹ̀gbọ́n lẹ rí yìí, ẹ̀gbọ́n tó tètè là."

Èmi ni ògbufọ̀.
Ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tó ní àjọṣe àti ìdàgbàsókè nínú,
mo wá a títí, mo fi àáró rọ́pò rẹ̀.
Ni Ìyá Muaheria bá dá sí i láti ẹ̀yìn:
"Àáró kẹ̀?
Bí ẹ bá bá wa ro tiwa lónìí,
ọjọ́ wo la ń bọ̀ wá ro tiyín?"
Tessaro kò fèsì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìbéèrè yẹn ló gbé wa wọ bàálù.

Ní Mato Grosso, a wà nínú mọ́tò láti ìdájí,
sóyà lọ́tùn-ún, sóyà lósì,
sóyà títí dé ibi tí sánmà ti ń kúnlẹ̀.
Ìyá Muaheria ń wo ìta, ó di ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúùkù,
ó ní bí òun bá rí ọ̀kan, òun ó na ìka kan.
"Kí lẹ̀ ń kà?"
"Èéfín. Èéfín ìdáná."
Oòrùn kúrò ní àtàrí,
ìkúùkù náà wà bẹ́ẹ̀.
Ó ní kí n bi í: ta ló ń gbé ibí?
Tessaro nawọ́ sí katakata kan lọ́ọ̀ọ́kán,
ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, ó fi nǹkan dí etí.
Ó ní kí n bi í: òkú wọn ńkọ́, ibo ni wọ́n sin wọ́n sí?
Èyí, n kò túmọ̀ rẹ̀.
Mo ní ìyá ń béèrè omi.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn: lálẹ́ ọjọ́ náà
wọ́n ṣe wá lálejò. Dona Ivete, ìyá Tessaro,
gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, ó fa ọ̀bẹ méjì yọ,
àwọn arúgbó méjèèjì jókòó, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́.
Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ọ̀bẹ wọn ń dún bákan náà.
Dona Ivete ní aládùúgbò mẹ́rìnlá ni àwọn ní rí lójú ọ̀nà yìí.
Ó fi ọ̀bẹ tọ́ka síta, sínú òkùnkùn.
Nígbà tí a ń lọ, ó gé ọ̀pá ẹ̀gẹ́ mẹ́ta,
ó fi ìwé ìròyìn wé e fún àlejò rẹ̀.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Maputo, ìwé àdéhùn kọjá nínú báàgì awọ,
ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò.
Ọ̀pá ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbà. Wọ́n ní ó lè kó àrùn wọ̀lú.
Méjì ni wọ́n rí.
Ẹ̀kẹta wà nínú agboòrùn.

Ó ti hù báyìí. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju tiwa.
Tessaro tún dé lóṣù tó kọjá, òun àti bírò rẹ̀,
Ìyá Muaheria na ọkọ́ sí i:
"Àáró lọmọ yìí pè é. Ó yá, ìwọ ló kàn."
Ó bọ́ bàtà. Ó ro ebè méjì, kò gún,
ó ge òtílí kan mọ́ koríko,
ó tọrọ omi. Lọ́tẹ̀ yìí, omi ni lóòótọ́.

A kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.
Àwọn mínísítà ti fọwọ́ sí tiwọn.
Máàpù ṣì wà nílé-ìwé; àwọn ọmọ kíláàsì kẹta
ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìṣirò.