Èyí Tí Kò Ní Nǹkan Nínú

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ búkítà nílé yìí
láìfọwọ́ kan ìyẹ̀fun rẹ̀.
Tèmi ni kí n fọ páànù, kí n kó eérú.
Zdislava, ìyá ọkọ mi, ló ni ọpọ́n,
òun ló ni ìyẹ̀fun,
òun ló ni ọ̀rọ̀.

Lónìí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
Ó fọ́ ẹyin, èèpo bá ẹyin bọ́ sínú ọpọ́n.
Ó wò ó, ó wò ó,
ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ààrò,
ó ní, "Radmila, ṣan ọwọ́ rẹ."

Mo ṣan án dé igunpá.

Yìnyín ti bo ọgbà, ó bo òrùlé ilé adìyẹ,
òkè Beskydy kò hàn mọ́.
Mo gbé wàrà kaná, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má hó.
"Ti ìka bọ̀ ọ́," ni Ìyá wí,
"bó bá jó ọ, ìwúkàrà ti kú nìyẹn."
Mo rún ìwúkàrà sí i, mo bu ṣúgà tíńtín lé e,
a dákẹ́, a ń wò ó.
Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Nígbà tó yá, ó ru ìfófòó.

Ìyẹ̀fun, ẹyin, bọ́tà yíyọ́.
Mo pò ó. Mo gbá a, mo yí i, mo gbá a.
Ó lẹ̀ mọ́ mi níka, ó lẹ̀ mọ́ òrùka ìgbéyàwó mi.
"Ìyẹ̀fun yóò ti pọ̀ tó?" ni mo bi í.
"Títí tí yóò fi tó."
"Ìgbà wo ni yóò tó?"
"Nígbà tí o kò bá bi mí mọ́."

Mo da aṣọ bò ó. Mo ṣí i wò.
"Fi í sílẹ̀."
Mo tún ṣí i wò.
"Ọmọ tó ń sùn ni, o ń jí i."
Lẹ́yìn wákàtí kan àtààbọ̀
ó ti gbé aṣọ sókè bí ikùn aboyún.

Jáàmù pulọ́ọ̀mù wà nínú ìkòkò amọ̀,
ó dúdú, ó ki,
ṣíbí dúró nínú rẹ̀ láìfara ti nǹkan.
Vavřinec, àbúrò Ìyá, ló sè é nínú oṣù Kẹwàá,
ó rò ó nínú agbada bàbà láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́,
ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó kọjá pé ẹ̀yìn ń dun òun,
kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba orógùn lọ́wọ́ òun.

Mo gé e sí mẹ́rìnlélógún.
Mo tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, mo bu jáàmù sáàárín,
mo pa etí rẹ̀ dé, mo fún un pinpin,
mo ra á ní bọ́tà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú páànù,
èjìká ti èjìká.
Orí ìkẹtàlélógún ni jáàmù tán sí.
Mo ha ìkòkò. Mo ha ìdérí rẹ̀.
Ìyá ti ń tòògbé.
Mo ká èyí tó kẹ́yìn lófìfo,
mo sún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo fi í sáàárín wọn,
mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Òórùn rẹ̀ pe Hynek wọlé láti ibi tó ti ń kó yìnyín,
ó pe àwọn ọmọ Bohdana láti ilé kejì,
wọn ò bọ́ bàtà.
Kò sẹ́ni tó dúró kó tutù.
Ẹnu ọmọdé dúdú, àgbọ̀n ọmọdé dúdú,
Hynek jẹ mẹ́rin, ó ń wá ìkarùn-ún.
Èmi ń wo ẹnu.
Ẹnikẹ́ni tó bá gé e jẹ, àyà mi á já
títí màá fi rí jáàmù.

Ìyá na ọwọ́ gbígbọ̀n rẹ̀ sáàárín páànù.
Ó gé e jẹ.
Ó dúró.
Ó wo inú rẹ̀, funfun báláú.
Ó wò mí.
Ó jẹ ẹ́ tán, díẹ̀díẹ̀, láìfi tíì tì í,
ó fi ìka ṣa ẹ̀rún rẹ̀ lórí aṣọ tábìlì.

Ìgbà tí mò ń fọ páànù
ló tó ti ẹ̀yìn mi sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá fèrèsé wí:
"Jáàmù máa ń bo nǹkan púpọ̀ mọ́lẹ̀.
Ìyẹ̀fun yẹn dáa.
Lọ́jọ́ mìíràn, dín iyọ̀ kù."