Wọn Ò Jẹun Láàárọ̀ Yìí

Ọyẹ́ ti wọ Odò-Ọnà láti àná.
Mo mọ̀ kí n tó kúrò nílé: ilẹ̀kùn tó máa ń há
ṣí wẹ́rẹ́, bí ẹni pé a ò jà rí,
ètè mi sì ti là kí n tó kí ẹnikẹ́ni káàárọ̀.

Mo da aṣọ borí, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ
síbi adágún tí Múkáílà bíríkìlà mọ fún mi
nídìí igi fúrúùtù,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà níbùú, mẹ́jọ lóròó.
Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ni?"
Ẹja àrọ̀ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀.
Méjìlá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ológbò ilé kejì mọ̀ nípa ìyókù.

Lójoojúmọ́, bí mo bá ti wúkọ́ lásán
omi á hó bí epo àkàrà,
irùngbọ̀n á máa tọ́ ojú omi wò,
ẹnu á là, ẹnu á pàdé.
Lónìí, omi dákẹ́.
Ewé fúrúùtù pupa méjì léfòó lórí rẹ̀
bíi bàtà ẹni tó wọ yàrá láìdágbére.

Mo fọ́n ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ sí i.
Wóró kọ̀ọ̀kan jókòó lórí omi, ó ń wò mí.
Mo tún fọ́n òmíràn.
Bí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn, ọwọ́ ló máa ń sọ̀rọ̀.

Mo pe Múnírátù, ará Mọníyà tó ta ọmọ ẹja fún mi.
Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń ha.
"Ẹ ti apá bọ omi dé ìgúnpá, kí ẹ kà dé ogún.
Bó bá ta yín léegun, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan.
Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, ibẹ̀ ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀.
Ikùn wọn ti sùn ṣáájú ojú wọn.
Oúnjẹ tí wọn ò bá jẹ ni yóò jẹrà,
èyí tó bá jẹrà ni yóò jẹ wọ́n."

Mo ti apá bọ omi. Mo kà dé mẹ́sàn-án.

Mo mú asẹ́ ògì, mo ń kó oúnjẹ náà padà,
wóró kan, wóró kan.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn
nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú síbí yìí.
Ó pa ẹnu dé. Mo ní, "Màmá, ẹ̀kọ náà ti rọ̀, ẹ gbé e mì."
Ó wò mí. Mo fi ṣíbí la eyín rẹ̀.
Ẹ̀kọ náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde, ó ṣàn dé ọrùn,
mo nù ún, mo tún bu òmíràn.
Gbogbo àdúgbò ní mo tọ́jú ìyá mi.
Èmi náà wí bẹ́ẹ̀.

Ta ni ì bá sọ fún mi nígbà náà
pé ikùn lè sùn ṣáájú ojú?

Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ìdajì adágún,
ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.
Kànga ti lọ sílẹ̀, mo so okùn mọ́ okùn,
ṣùgbọ́n mo gbé omi náà kalẹ̀ sóòrùn ná,
n kò ní da òtútù lé òtútù.
Gbádébọ̀, àbúrò ìyàwó mi, yọjú lórí ògiri:
"Ẹ tà wọ́n kí Kérésì tó dé, ọbẹ̀ ata ń pè wọ́n!"
Mo ní ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà.
Ta ló ń ta ẹni tó ń gbààwẹ̀?

Ó ku díẹ̀ kí aago kan lù, oòrùn gun ògiri,
ó pọ́n, ó rẹ̀ ẹ́, eruku wà lójú rẹ̀.
Irùngbọ̀n kan yọ.
Ó kan ewé náà, ó rò ó,
ó padà sísàlẹ̀.

Agolo oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi, ó ṣí sílẹ̀.
Mo dé e.