Sìtọ́ọ̀dù Keje

Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
kì í ṣe ẹ̀rù, òtútù Gyumri ni,
òtútù tí í sọ omi inú garawa di òkúta
kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù.
"Mú iná wá síbí, Shoghik. Kì í ṣe ojú mi. Ibí!"
Bàbá mi ti ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì
bí ẹni ń gbọ́ àṣírí lẹ́nu ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́.

Láti oṣù kẹsàn-án ni Jígúlì yìí ti ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́
tí a bá ń gun òkè lọ sí ilé ìwé mi,
èéfín á gba ibi tí kò yẹ wọlé tọ̀ wá,
ìyá mi á ṣí fèrèsé, á wúkọ́, kò ní sọ nǹkan kan.
Ikọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀.

Méje ni sìtọ́ọ̀dù tó di manifóòdù mọ́ ẹ́ńjìnnì.
Mẹ́rin gbọ́ràn: epo tí a fi rin wọ́n lálẹ́ àná jẹ́,
wọ́n ké díẹ̀, wọ́n yí, wọ́n jáde.
Ìkarùn-ún kán.
Ìkẹfà kán,
pọ́! ohùn kékeré, bí eku tó tẹ igi gbígbẹ.
Bàbá mi dúró, sípánà lọ́wọ́,
ó ń wo kùkùté irin méjì tó kù sínú ihò
bí ẹni tó ṣẹ́ eyín ọmọ ọlọ́mọ.

"Gegham," ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé,
"ta ló ní kí o dè é le tó báyìí?"
Òun ló dè wọ́n kẹ́yìn lóòótọ́,
lọ́dún tí a kò tíì bí mi,
ó gbé gbogbo ara lé sípánà
bí ẹni tí kò gbà
pé ẹnikẹ́ni yóò wá tú u lẹ́yìn òun.

Razmik wẹ́dà wá láti ojúlé kejì,
ó ń rùn bí tábà àti àlùbọ́sà.
Ó jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ kùkùté àkọ́kọ́ lórí;
a yí i, ó tẹ̀lé wa.
Ibi tó ń jò la fi iná jó. Èyí yé mi.
Èkejì kọ̀. Nọ́ọ̀tì já. Ó tún jó o. Ó tún já.
Wọ́n gbé òòlù, wọ́n gbé ṣísẹ́lì tó mú bí idà,
wọ́n fi èdè méjì bú irin náà.
Bàbá mi ní òun yóò fi dírílù dá a lu;
Razmik ní bó bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, orí ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn.

Ìgbà náà ni ìyá àgbà, Varsenik, jáde sí wa,
ṣóòlù lórí, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan.
Ó yọ àbẹ́là kan nínú àpò,
tín-ín-rín, pupa rúsúrúsú, àbẹ́là ìda oyin
tó máa ń rà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í tán an jó.
"Ẹ mú irin náà gbóná. Gegham a máa ṣe báyìí."
Razmik fi iná sí i títí ó fi pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún;
ìyá àgbà fi àbẹ́là kàn án.
Ìda yọ́, ó sá wọ inú àwọn ìlà wínníwínní ara irin,
ibi tí epo kò dé, ibi tí ìpẹtà kọ́lé sí.
Òórùn oyin gba àgbàlá.
Ohun tí idà kò lè ṣe, ìda ṣe é:
irin náà yí, díẹ̀, díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń jí lójú oorun.

Ẹ ó ní mo gbàgbé ìkeje.
Kò kán. Ó jáde tòun ti nọ́ọ̀tì rẹ̀ lórí,
odidi, bí Gegham ṣe fi í sílẹ̀.
Ìyá àgbà gbà á, ó fi etí ṣóòlù nù ún,
ó sì fi í sínú àpò tí àbẹ́là ti jáde.

Nígbà tí a ń de tuntun,
nọ́ọ̀tì bàbà ni bàbá mi lò.
Ó ní bàbà kì í bá irin lẹ̀ pọ̀.
Ó dè é dé ibi tó yẹ, ó dúró.
Mo ní, "Ṣé ó ti le tó?"
Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó fi sípánà lé mi lọ́wọ́.
"Ó tó. Ìwọ lo máa tú u."