Alẹ́ Àkọ́rọ̀

Àkọ́rọ̀ rọ̀ sí Iléṣà lọ́jọ́bọ̀;
nígbà tó di Sátidé, ẹrẹ̀ ṣì ń bọ́ bàtà wa ní pápá iléèwé.
Òkè da ìkùukùu borí bí arúgbó tí òtútù ń mú.

Fàmúrewà, bíríkìlà àdúgbò wa,
gbé fèrè idẹ sẹ́nu,
sìmẹ́ńtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀.
Orin ò tíì dé ìdajì,
jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó kú.

A ò dìde.
Ó ń fun ún lọ nínú òkùnkùn.
Òkè gba ohùn náà, ó dá a padà,
ó fi díẹ̀ pamọ́.

Ìyá mi, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, ní:
"Kò rẹ́ wa jẹ lórí ògiri,
kò sì rẹ́ wa jẹ lórí afẹ́fẹ́."

Àwọn ọmọdé ń lé èsúnsún
yípo tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo.