Búrẹ́dì Alápá Mẹ́rin

Eluney, gbé bàtà tuntun yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà,
kí n má baà fi ẹsẹ̀ kọ owó oṣù méjì.
Bàtà, ìbọ̀sẹ̀, kóòtù tí wọ́n fi òwú pupa kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sí láyà:
ìpẹ́ ẹja ni ìyá rẹ fi rà wọ́n,
ìpẹ́ ẹja tó ń ha ní èbúté Valparaíso láti aago mẹ́ta òru.

Nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà nísàlẹ̀ òkè wa,
ìwọ ni wọ́n máa ń pè síwájú pátákó.
Olùkọ́ Ormeño a ní, "Ẹ wo ìwé rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa,"
ìwọ náà a wá na ọrùn bí ẹyẹ òkun lórí òpó.
Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni gbọ́, wọ́n ní kí a máa san ìdajì.
A jó nínú yàrá ìdáná lọ́jọ́ náà.
Oṣù kan kò tíì pé, ìwé délé:
Ìṣirò, méjì nínú méje.
O ká a wẹ́wẹ́, o fi í sábẹ́ ìkòkò òdòdó.
Ta ló ń bomi rin òdòdó nílé yìí, bí kì í ṣe èmi?

Mi ò pariwo. Mo bi ọ́ pé kí ló le níbẹ̀.
O ní, "Ìdá ni, Bàbá àgbà. Nọ́ńbà tó gun orí nọ́ńbà.
Lọ́dún tó kọjá ni àwọn tó kù ti kọ́ ọ.
Wọ́n ti gbàgbé pé àwọn ò mọ̀ ọ́n rí."

Gbólóhùn yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mọ́kànlá,
tí mo ti ń wa yàrá onírin gun òkè yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
mo dé fìlà, mo lọ bá olùkọ́ rẹ tuntun;
mo ṣí fìlà, mi ò mọ ibi tí ǹ bá fi í sí.
Míìsì Urrejola kò fi mí ṣẹ̀sín.
Ó ní, "Ọmọ yín kò ya òpè. Àlàfo kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀,
ẹ má tì í síwájú kí ẹ tó dí i.
Ogún ìṣẹ́jú lálaalẹ́. Tó bá pé, ẹ pa ìwé dé, kódà bó ń sunkún."
Ó yá mi ní ìwé kíláàsì tó wà lẹ́yìn tirẹ.
Inú àhámọ́ tí mo ti ń gba owó ọkọ̀ ni mo ti ń kà á,
láàárín èrò kan sí èkejì,
títí obìnrin kan tó gbé ológbò fi na ọwọ́ gba ojú fèrèsé:
"Bàbá, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò."

Alẹ́ ọjọ́ náà mo ra búrẹ́dì marakẹ́ta,
èyí tí alásè ti là sí apá mẹ́rin kó tó wọ ààrò.
Mo bu ọ̀kan. Mo ní, "Mélòó ló kù?"
O ní mẹ́ta.
"Mẹ́ta nínú mélòó?"
O dákẹ́. O wo búrẹ́dì, o wò mí, o tún wo búrẹ́dì,
ojú rẹ wá là bí ìgbà tí kùrukùru ká kúrò lórí òkun.
O bu ọ̀kan sí méjì láìjẹ́ pé mo sọ.
"Bí gbogbo wọn bá bí ìbejì, mẹ́jọ ni."

Ìdánwò kejì: mẹ́rin nínú méje.
Mẹ́rin ni wọ́n fi ń yege, kò lé, kò dín.
Ìyá rẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀.
O ní kó yọ ọ́, pé Antonella gba méje.
Fi í síbẹ̀.
Antonella ò gun igba àtẹ̀gùn kó tó dé kíláàsì.

Ó ku ìbéèrè kẹsàn-án yìí: ìdá mẹ́ta, ìdá márùn-ún, kí a pa wọ́n pọ̀.
Mi ò mọ̀ ọ́n. Má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n.
Búrẹ́dì wa ò là sí márùn-ún.
Ogún ìṣẹ́jú ti pé. Pa ìwé dé.
Lọ́la n ó bi obìnrin ológbò.
Gbé bọ́tà wá, ká jẹ ohun tí a ti mọ̀.