Di Lẹ́tà Mú Díẹ̀

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí ní Yemẹtu.
Tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo mọ̀, omi ni a fi ń gbé e mì,
ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ.
Èyí tí Mùdàṣírù gbé lé mi lọ́wọ́ ní Kuíìnì Sínímà
kò ṣe é gbé mì.
Ó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ó ń dán,
mo rí gèlè ara mi nínú rẹ̀, ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìbídàpọ̀ ti kìlọ̀ fún mi kí n tó jáde nílé:
"Màmá, láàpútọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ rà o.
Tábúlẹ́ẹ̀tì, ohun ìṣeré ọmọdé ni."
Ọmọ ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà,
òun ló wá ń yan ohun tí màá gbé lé itan.

Owó ìfẹ̀yìntì mi ni, ìdajì tí wọ́n rí san.
Ìwé àkọsílẹ̀ mọ́kànlá ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi:
orúkọ gbogbo ọmọ tí mo gbà,
ọjọ́, wákàtí, bí wọ́n ṣe wúwo tó,
èyí tó ké, èyí tí a nà kó tó ké.
Èkúté ti jẹ etí ìwé kẹta.
Mo fẹ́ kó wọn lọ síbi tí eyín ò lè dé.

Láàpútọ́ọ̀pù ni mo kọ́kọ́ gbé.
Ó wúwo bí ọmọ tó pé oṣù dáadáa,
ó gbóná lórí itan bí ẹni tí ibà fẹ́ mú.
Bọ́tìnnì rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ó wù mí.
Mo kọ́ táìpù rí l'Ókè-Àdó, kí n tó lọ́kọ,
ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ò tíì gbàgbé.
Mo ní kí n kọ orúkọ kìíní nínú ìwé kìíní:
Ọ̀ṣọ́wùmí, tó dé ní ìdájí ọjọ́ Àlàmísì kan, òjò ń rọ̀.
Mo wá àmì ìsàlẹ̀ títí, mi ò rí i.
Ọmọ tí ọ̀ṣọ́ wù,
ẹ̀rọ sọ ọ́ di ọmọ tí òṣó wù.
"Wọ́n ń fi nǹkan kan sí i ni," Mùdàṣírù ní.
Nǹkan wo? Èló?
Ó fọwọ́ họ orí.

Ló bá tún gbé ìkejì dé. Wàláà ló pè é,
ilé-kéwú kò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀.
"Ẹ di lẹ́tà mú díẹ̀, Màmá. Ẹ má tètè fi í sílẹ̀."
Mo fi ìka lé o, mo dúró.
Àwọn àbúrò rẹ̀ yọ jáde,
ò, ó, ọ, bí ọmọ ilé tó gbọ́ pé àlejò dé.

Ìdúró yẹn mọ́ mi lára.
Báyìí náà ni mo ṣe ń di ọrùn-ọwọ́ ọmọ tuntun mú,
tí mò ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù,
tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kán mi lójú.

Mo sanwó. Mùdàṣírù yọ ẹgbẹ̀rún méjì, ó ní torí adúrà.

Ìbídàpọ̀ ṣì ń bínú. Òótọ́ ni, ó lọ́ra,
ìka kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, mẹ́sàn-án ń wòran.
Bóyá ìwé kẹfà ni ikú máa bá mi.
Ṣùgbọ́n iná ò sí l'Ókè Àrẹ̀mọ láti ọjọ́ Ẹtì,
wàláà mi ṣì ń tàn nínú àpò ẹ̀fọn.

Lálẹ́ àná, mo kọ orúkọ mẹ́rin.
Ẹ̀kẹrin ò ké, wọn ò sọ ọ́ lórúkọ,
"ọmọ" ni ìwé pè é.
Mo di o mú.
Mo di í mú pẹ́.