Orí Mẹ́fà, Orí Mẹ́jọ

Ẹ̀rọ mi ń mí bí ẹni tó ru iṣu gun òkè Ògìdì.
Mo tẹ bọ́tìnì, mo lọ bu omi mu, mo padà dé,
ojú ìyàwó tí mo yà ní Ìyàrà lọ́jọ́ Sátidé
ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀: gèlè kọ́kọ́ dé,
iwájú orí tẹ̀lé e,
imú ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fipá pè.

Tó bá dalẹ́, Bámidúró ọmọ mi á gba àga lọ́wọ́ mi.
Ogun ló ń jà nínú ẹ̀rọ kan náà.
Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti yìnbọn kí n tó rí wọn.
Ẹ̀rọ yìí ló ń pa mí, kì í ṣe ọ̀tá."

Ìyá mi ta kajú àpò mẹ́rin lóṣù kẹta,
ó já díẹ̀ fún mi níbẹ̀.
Owó kajú ò kájú gbogbo ẹ̀,
ṣùgbọ́n ó tó o pe Jímọ̀ ní Ìlọrin.

Jímọ̀ ní ọpọlọ méjì ló kù nílẹ̀.
Ọ̀kan ní orí mẹ́fà, ẹsẹ̀ ẹ̀ yá,
ó gbé àpò ńlá sábẹ́ abíyá
kó má baà máa sá lọ sá bọ̀ nítorí ohun kékeré.
Òun làwọn ọmọ géèmù ń bèèrè.
Èkejì ní orí mẹ́jọ, kò yá tó yẹn,
àmọ́ da igba fọ́tò síwájú ẹ̀,
wọn á pín in bí ọlọ́wẹ̀ ṣe ń pín poro,
ẹnì kan ò ní fẹ̀yìn ti ọkọ́ máa wo ẹnì kejì.

Bámidúró ní mẹ́fà. Mo ní mẹ́jọ.
Mo ní ta ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀?
Ó ní ta ló ń yọ eruku tírélà sìmẹ́ǹtì
tó dì bí àkàrà sínú fáànù ẹ̀?
Mi ò lésì.

Jímọ̀ tún pè: "Kí lorúkọ pátákó tó wà nínú ẹ̀?"
A tú ìdérí, ọmọ mi tan iná fóònù,
ó ka nọ́ńbà náà sókè lẹ́yọ lẹ́yọ.
Jímọ̀ dákẹ́. Ó ní ihò yẹn ò gba olórí mẹ́fà láéláé.
Bẹ́ ẹ bá ta kú, ẹ ó pààrọ̀ pátákó, ẹ ó pààrọ̀ ìrántí,
ẹ ó kọ́lé tuntun nítorí àlejò kan.
A wo ara wa.
Ọmọ mi bọ́ síta, ó gbá páànù kan nínú ọgbà.

Bọ́ọ̀sì Ìlọrin gbé e dé Kàbbà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè,
ohun tí kò fẹ̀ ju bisikíìtì nínú páálí bàtà.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bámidúró ló fi í sí i,
ó mú èémí dúró, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Olúmọrótì dé nítorí fọ́tò òkú ìyá ẹ̀,
èyí tí wọn ó tẹ̀ síwájú ìwé ìsìnkú.
Lóṣù tó kọjá ó jókòó ti ẹ̀rọ àtijọ́,
ó ń kí i bó ṣe ń yọ: gèlè, ó kí i,
ojú, ó kí i: "Ọ̀kun o, Iyé. Ọ̀kun o."
Lónìí mo tẹ ẹ́, pẹ́kẹ́,
ìyá jókòó síwájú wa tán, odidi.
Obìnrin náà fà sẹ́yìn.
Ó ní, "Ó yá jù."
Ó ní ṣé mo lè pa á dé, kí n tún rọra ṣí i.

Ẹ̀rọ ò mọ rírọra mọ́.
Bámidúró, tí ń jẹ ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà,
nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó di máòsì mú,
ó fa àwòrán náà tóbi títí gèlè fi gba gbogbo ojú ẹ̀rọ,
ó wá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀,
díẹ̀,
ó ń dúró kí wọ́n kí ara wọn tán.